Ohun tí a ń Retí Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Lítíréṣọ̀: Ìtàn kan láti Ifọ̀ dé Mowe àti Ibafo

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ìlù nìkan. Bí akéwì ti ń kéwì, tí òǹkọ̀wé sì ń kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ wà lọ́rùn ẹni tí ń gbọ́ àti ẹni tí ń kà. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, olùkọ́ àti olùṣèdánwò ni wọ́n máa ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há ọ̀rọ̀ sórí, yóò há a sórí. Bí wọ́n bá ní kí ó túmọ̀ rẹ̀, yóò túmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí ó yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó dá ẹjọ́ rẹ̀, yóò kọ́ bí a ti í dájọ́.

Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì nìkan. Òun ni ó ń pinnu irú òǹkàwé tí ìran kan yóò ní, irú òǹkàwé tí ó sì wà ni ó ń pinnu irú ìwé tí a óò kọ àti èyí tí yóò di ohun ìgbàgbé. Ọ̀nà méjì tí ó la ìpínlẹ̀ Ògùn kọjá ni a óò fi wo ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti Èkó ní 1896, tí ó gba Ifọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, tí ó sì wọ Ìbàdàn ní 1901. Èkejì ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní 1978, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Ibafo àti Mowe kọjá. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni ó bá irú ilé ẹ̀kọ́ kan rìn, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ohun tí ó ń retí lọ́wọ́ ọmọ.

Kí ilé ìwé tó dé

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilé ìwé ni ó kọ́kọ́ mú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ wọ ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá le ju ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní lọ. Odù Ifá jẹ́ 256, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ ni ó sì wà lábẹ́ odù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ awo gbọ́dọ̀ há ẹsẹ púpọ̀ sórí láìṣì í sọ. Ṣùgbọ́n àhásórí nìkan kò sọ ọ́ di babaláwo. Nígbà tí ẹni tí ọ̀ràn ń dùn bá wá dáfá, awo gbọ́dọ̀ lè túmọ̀ ẹsẹ tí ó jáde, kí ó sì fi í wé ipò tí ẹni náà wà. Ìrántí àti òye ni a jọ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bákan náà ni ó rí láàárín àwọn ọdẹ tí ń sun ìjálá. Adébóyè Babalọlá fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, pé àwọn tí ń gbọ́ kì í dákẹ́ lásán. Bí asunjálá bá ṣi oríkì ìdílé kan pè, tàbí bí ó bá gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí kò tọ́, asunjálá mìíràn lè dá a lẹ́kun kí ó sì tún un ṣe lójú gbogbo àwùjọ. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ lámèyítọ́ ti wà láàárín wa tipẹ́. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ àjèjì tí a kó ti òkè òkun wá.

Ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba ipò iwájú

Nígbà tí àwọn oníwàásù dé, èdè Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní ọ̀kúnkúndùn, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè wàásù láìsí i. Samuel Ajayi Crowther gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1859 Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1866 ìtumọ̀ tí David Hinderer ṣe fún ìtàn arìnrìn-àjò onígbàgbọ́ tí John Bunyan kọ jáde ní èdè Yorùbá, Bíbélì Yorùbá sì pé lódindi ní 1884. Nítorí náà, kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọmọ Yorùbá tí ó mọ̀wé ti ní ohun tí ó lè kà ní èdè rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1859 kan náà tí Ìwé Ìròhìn jáde ni ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ gíráámà wọn sílẹ̀ ní Èkó lábẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀, T. B. Macaulay. Gẹ̀ẹ́sì, Látìnì àti Gíríìkì wà lára ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1882 tún wá so owó ìrànwọ́ mọ́ kíka àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ya nǹkan kan sọ́tọ̀ fún kíkọ́ èdè ìbílẹ̀. Ibi tí owó bá gbà ni iṣẹ́ ń gbà. Nígbà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ gíráámà Abẹ́òkúta sílẹ̀ ní 1908, ìlànà tí ó ti fìdí múlẹ̀ ní Èkó ni ó wà níwájú rẹ̀, ìdánwò Cambridge sì ni ó wá di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà.

Kí ni a wá ń retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ nígbà náà? A ń retí pé kí ó mọ ewì Gẹ̀ẹ́sì sórí, kí ó lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ Shakespeare sọ, kí ó sì lè túmọ̀ Látìnì sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kò burú. Wọ́n kọ́ ọmọ ní sùúrù àti àkíyèsí, ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá ni ó sì ti ibẹ̀ jáde. Ohun tí ó burú ni pé ìbéèrè náà gbà á bí òtítọ́ pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ni lítíréṣọ̀, àti pé kí ọmọ Yorùbá gba ọgbọ́n wọn nìkan ni ó kù fún un. Ọmọ lè jáde níbẹ̀ tí ó mọ orúkọ òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì ju oríkì ìdílé rẹ̀ lọ.

Ọmọ Òkènlá kan

Ní agbègbè Ifọ̀ ni abúlé àwọn onígbàgbọ́ kan wà tí ń jẹ́ Òkènlá, tí a fi orúkọ Balógun àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá pè. Ibẹ̀ ni a bí Isaac Olúwọlé Délànọ̀ sí ní 1904. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní abúlé náà kí ó tó kọjá sí Èkó, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà ó di akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà, ó sì tún ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní ìlànà ti Òyìnbó ni Délànọ̀. Ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ ní 1937, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ó sì fi ń ṣàlàyé ìgbé ayé àwọn ènìyàn rẹ̀ fún àjèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó yí padà sí èdè rẹ̀. Ní 1955 ó tẹ Aiyé d'Aiyé Òyìnbó jáde, ìtàn àròsọ tí ó fi ẹnu obìnrin kan, ìyàwó ìjòyè, sọ bí ìjọba Òyìnbó ṣe wọ ìlú. Ní 1958 ó gbé Àtúmọ̀ Ede Yoruba jáde, ìwé atúmọ̀ èdè tí ó fi Yorùbá ṣàlàyé Yorùbá. Ní 1963 L'ọ́jọ́ ọjọ́ un tẹ̀ lé e, ní 1966 sì ni ìwé òwe rẹ̀, Òwe l'ẹṣin ọ̀rọ̀, jáde.

Bí a bá to àwọn ìwé wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a óò rí i pé wọ́n jẹ́ irinṣẹ́ ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí yóò kọ́ lítíréṣọ̀ nílò ìtàn tí yóò kà pẹ̀lú ọmọ, ó nílò ìwé tí yóò wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó sì nílò òwe pẹ̀lú àlàyé ibi tí a ti ń lò ó. Ọdún 1904 náà ni a bí J. F. Ọdúnjọ ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ẹni tí ìwé Aláwìíyé rẹ̀ kọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ní ìwé kíkà. Ohun tí ilé ìwé kò béèrè lọ́wọ́ ìran àwọn méjèèjì ni wọ́n pèsè sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Láti ìgbà Fágúnwà dé ìgbà àjọ WAEC

Ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ìwé Délànọ̀ wọ̀nyí tó jáde. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes ní 1922 bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ tí kò bá ìgbé ayé ọmọ Áfíríkà mu. Ní 1925 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà kan jáde tí ó fi ààyè gba èdè ìbílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́. Ní 1938 Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ṣeé ṣe mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé Yorùbá kò ní ìwé ìtàn àròsọ tí ó tó kà ní kíláàsì.

A dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952. Ní oṣù kìíní 1955 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tí ó mọ Yorùbá kà sì pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ìdánwò Yorùbá ìgbà náà gbára lé àròkọ, ìtumọ̀ láti èdè kan sí èkejì, àkàyé àti gírámà. Bí a bá tilẹ̀ ka ìwé Fágúnwà, a sábà máa ń lò ó láti fi wá òwe àti àkànlò èdè. Ọmọ tí ó bá lè tún ìtàn sọ láìfo ibi kankan ni a kà sí akẹ́kọ̀ọ́ rere. Kò tíì sí ẹni tí ó bi í léèrè ìdí tí òǹkọ̀wé fi sọ ìtàn náà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà iṣẹ́ lámèyítọ́

Láti 1966 lọ ni ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀. Ọdún náà ni ìwé Babalọlá lórí ìjálá àti ìwé gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé jáde. Ní 1974 Bámgbóṣé tẹ odindi ìwé kan jáde lórí àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà. Ọdún náà ni ìjọba tún fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń lò títí di òní. Ní 1984 ìwé Ọlátúndé Ọlátúnjí lórí ewì alohùn Yorùbá jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni apá kìíní ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ ti lè fi ìgboyà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ àti ìfohunpènìyàn láìyá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1968, ní Yunifásítì Nairobi, Ngugi wa Thiong'o, Taban lo Liyong àti Owuor Anyumba kọ̀wé pé kò yẹ kí lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìdí igi tí a óò máa so gbogbo lítíréṣọ̀ yòókù mọ́. Kí a fi ti Áfíríkà, pàápàá ti alohùn, sí àárín, kí a sì máa ti ibẹ̀ wo ti àgbáyé. Ní 1968 kan náà ni a kọ́kọ́ ṣe eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, ní Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn Ọba Oedipus tí Sophocles ará Gíríìkì kọ ni Rótìmí gbé wọ ilẹ̀ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èrò Yorùbá nípa orí àti àkúnlẹ̀yàn lè béèrè bóyá orí ni ó ṣe Odéwálé, tàbí ìbínú rẹ̀. Ẹni tí ó lè béèrè bẹ́ẹ̀ ti ń wo lítíréṣọ̀ àgbáyé láti ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní 1977 fún àwọn èdè wa ní ààyè nínú ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ètò ọdún mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta àti mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ ní 1982, tí ìdánwò àṣekágbá tuntun sì wáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1988, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ Yorùbá fi dúró: èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Lítíréṣọ̀ alohùn wà níbẹ̀, àpilẹ̀kọ sì wà níbẹ̀: ìtàn àròsọ, eré onítàn àti ewì.

Àpẹẹrẹ kan: ikú Ẹfúnṣetán

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àròbájọ, ó yẹ kí a mú ìwé kan yẹ̀ wò. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, jáde ní 1970, ó sì ti di ìwé tí a mọ̀ bí ẹní mowó láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìyálóde Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni baba rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí kú sórí ìrọbí. Nínú eré náà ó ṣòfin pé ẹrú rẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ lóyún, ó sì ní kí a pa Adétutù nítorí pé ó rú òfin náà. Níkẹyìn, nígbà tí Látóòsà àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn ti borí rẹ̀, ó gbé májèlé jẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà àtijọ́ ì bá sọ ìtàn yìí títí dé òpin kí ó sì gba máàkì. Ohun tí olùṣèdánwò ń wá báyìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, kò sọ pé Ẹfúnṣetán gbé májèlé jẹ. Ohun tí ó kọ ni pé Ààrẹ Látóòsà yọ ọ́ lóyè ní 1874, àti pé àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n pa á lórí ibùsùn lóru, tí ọwọ́ àwọn alágbára Ìbàdàn sì wà nínú ọ̀ràn náà. Kí ló dé tí òǹkọ̀wé eré fi yí ikú rẹ̀ padà? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ẹrú ni wọ́n yọ́ pa á, àánú rẹ̀ ni yóò ṣe òǹwòran, Látóòsà ni yóò sì di ọ̀dájú. Bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó pa ara rẹ̀, ìjàǹbá náà di èrè ìwà rẹ̀, agídí rẹ̀ sì bá a dé ibojì: ó kọ̀ láti jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ṣàlàyé èyí ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìtàn àti eré onítàn. Ó sì tún lè bi ara rẹ̀ léèrè bóyá a dájọ́ òdodo fún obìnrin náà. Ẹ̀rí ohun tí yóò bá sọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kì í ṣe nínú ìṣesí rẹ̀ sí Ìyálóde.

Mowe àti Ibafo

Ọ̀nà kejì ni ó kù láti wò. A dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ ṣí. Ní 1979 sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Mowe àti Ibafo, tí wọ́n jẹ́ abúlé àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí ilé Èkó ti wọ́n jù fún. Ìjọ Ìràpadà fi ibùdó ńlá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Mowe ní 1983, Yunifásítì Redeemer's sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Ní 2015 Yunifásítì Mountain Top gba ìwé àṣẹ ní Ibafo. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀ ní àdúgbò náà lónìí ju bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní 1978 ti lè rò lọ.

Kíláàsì tí ó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti Òkènlá ayé àtijọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ẹ̀gùn a máa jókòó sórí àga kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá pàápàá ni a fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́. Nínú iṣẹ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, WAEC ń béèrè ìwé Áfíríkà àti ti ilẹ̀ mìíràn, Shakespeare sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìlànà iṣẹ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011, Yorùbá kò pọn dandan mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà àgbà. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ó fagi lé e. Ohun tí òfin 1882 fi owó ṣe ni àtẹ iṣẹ́ ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe lónìí.

Ewu mìíràn wà tí kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ìwé kékeré tí ó kó ìtàn inú ìwé ńlá jọ pẹ̀lú ìbéèrè àti ìdáhùn ti gba ipò ìwé gan-an lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ mọ orúkọ ẹ̀dá ìtàn, ó mọ ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn òǹkọ̀wé rí. Àhásórí tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ewì Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tilẹ̀ sàn jù ú lọ, nítorí ewì gan-an ni ọmọ náà há sórí. Èyí tí a ń há sórí báyìí jẹ́ èrò ẹlòmíràn nípa ìwé tí a kò kà.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ìtàn yìí bá kọ́ni ní nǹkan kan, òun ni pé ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá sì máa béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ kí ó tó wọ yàrá ìdánwò. Kí ó ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì ka ewì sókè kí etí gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ó mọ díẹ̀ sórí, bí ọmọ awo ti ń ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ọmọ ni ó lè rò. Kí ó fi ẹ̀rí inú ìwé gbe gbogbo ohun tí ó bá sọ lẹ́sẹ̀. Níkẹyìn, kí ó lè fi ìwé Yorùbá wé ti ilẹ̀ mìíràn láìtẹrí ba fún àjèjì, láìsì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Kò sí èyí tí ó ju agbára ọmọ Mowe tàbí Ibafo lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ Ìgbò tí ó wà ní kíláàsì náà lè mú òwe ilé rẹ̀ wá fi wé ti Yorùbá, gbogbo kíláàsì yóò sì jèrè. Délànọ̀ jáde ní Òkènlá ní ìgbà tí ìdánwò kò bi í léèrè ohun kankan nípa èdè ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ ìwé tí ó fi dáhùn ìbéèrè tí a kò bi í. Ìran òde òní ní ìwé náà lọ́wọ́, ó ní àkọtọ́, ó sì ní èdè-ìperí. Ìbéèrè ni ó kù, ọwọ́ olùkọ́ ni èyí sì wà. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Irú òǹkàwé tí a bá fẹ́ ni kí a wò kí a tó kọ ìbéèrè sójú pátákó.